Ọkọ̀ Jámánì àti Àwọn Ẹgbẹ́ Rẹ̀: Èwo Ni Ó Ń Tọ́jọ́ Lọ́nà Tiwa?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún àwọn ọmọ Koro)



Nígbà tí àwọn alákòóso ẹgbẹ́ ní kí a wá sọ̀rọ̀, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ilé ìwé ni a ó sọ, nítorí iṣẹ́ wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún ni àwọn ọmọ wa tí ó wà lókè òkun ń fi ọkọ̀ tòkunbọ̀ ránṣẹ́ sí òbí wọn, lọ́dọọdún náà ni wọ́n sì ń bi wá pé, ṣé òótọ́ ni pé ọkọ̀ Jámánì ló ń tọ́jọ́ ju ti àwọn ìlú yòókù lọ? Ọkọ̀ Jámánì méjì ni a ti lò nínú ìdílé wa. Ọ̀kan gbè wá, èkejì dá wa lágara.

Ní ọdún 1978 ni bàbá tí ó bí wa, tí òun náà jẹ́ olùkọ́, ra Volkswagen kékeré tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìjàpá. Ọkọ̀ náà kì í ṣe àjòjì, nítorí láti ọdún 1975 ni wọ́n ti ń tò ó pọ̀ ní Èkó. Ọdún kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí to Peugeot ti Faransé pọ̀ ní Kàdúná. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà, afẹ́fẹ́ ni ó sì ń tù ú lára. Kò ní rédíétọ̀, kò sì ń mu omi. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí àwọn ọkọ̀ mìíràn bá dúró lórí òkè tí wọ́n ń hó bí ìkòkò, tí àwọn awakọ̀ wọn ń gbé kẹ́ẹ̀gì wá omi kiri, Ìjàpá a máa kọjá lọ ní tirẹ̀. Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ fi ṣeré ni bẹ́líìtì tí ó ń yí fáànù. Bí ó bá já, kí a dúró lójú ẹsẹ̀ ni, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ́ńjìnnì yóò jóná. Bàbá wa kì í jáde láìfi òmíràn pamọ́ sínú ọkọ̀.

Nọ́ọ̀tì mẹ́rin péré ni ó di ẹ́ńjìnnì náà mú. Mẹkáníìkì wa, tí kò ka ìwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, lè sọ ọ́ kalẹ̀ kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Bí ọkọ̀ bá sì ti rin 3,000 máìlì, bàbá wa a pààrọ̀ epo ẹ́ńjìnnì, a kọ ọjọ́ náà sínú ìwé kan bí ẹni ń kọ orúkọ ọmọ kíláàsì. Ìwé náà wà lọ́wọ́ wa títí di òní. Ọdún 22 ni Ìjàpá yẹn fi sìn wá.

Ìdí tí Jámánì fi gba orúkọ rere nìyí, kì í sì í ṣe lọ́dọ̀ wa nìkan. Volkswagen yìí ni ó gba ipò kìíní nínú eré ìje Safari ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1953 àti 1954. Ó lé ní 21,000,000 tí wọ́n ṣe kí èyí tí ó kẹ́yìn tó jáde ní Mẹ́síkò ní ọdún 2003. Ọ̀gbẹ́ni Gregorios Sachinidis, awakọ̀ tasín ará Gíríìsì, fi Mercedes 240D rẹ̀ rin 4,600,000 kìlómítà, ó sì fi í fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ilé iṣẹ́ náà ní ọdún 2004. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìtàn yìí, ẹ má gbàgbé láti sọ pé ó pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ṣùgbọ́n Jámánì nìkan kọ́. Peugeot 504 ni ó gba Safari ní ọdún 1975 àti 1978, ẹ̀yin àgbà sì mọ iye èrò tí ó ń kó láti Ìlọrin wá sí apá ọ̀dọ̀ wa. Ní Amẹ́ríkà, olùkọ́ bíi tiwa kan, Ọ̀gbẹ́ni Irv Gordon, ra Volvo ti Sweden ní ọdún 1966, ó sì fi í rin 3,000,000 máìlì kí ọdún 2013 tó parí. Kì í fi ìpààrọ̀ epo rẹ̀ falẹ̀. Nígbà tí a kà nípa rẹ̀, ìwé bàbá wa ni ó wá sí wa lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti ọkọ̀ kejì. Ní ọdún 2016 ni àbúrò wa tí ó ń gbé ní Jámánì fi ọkọ̀ kan ránṣẹ́ sí wa. A kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é. Ọkọ̀ náà dára lójú, jẹ́jẹ́ ni ó sì ń rìn. Fún ọdún méjì a ń fi í yangàn. Lẹ́yìn náà ni iná kékeré kan tàn níwájú sítíárì, tí kò kú mọ́. Mẹkáníìkì wa ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wò ó títí, ó ní, “Tíṣà, ẹ má bínú sà. Èyí kì í ṣe ọkọ̀ tí mo mọ̀. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi táyà sí lẹ́sẹ̀ ni.” A wọ́ ọ lọ sí Ìlọrin; wọ́n ní ọpọlọ ọkọ̀ ni ó bàjẹ́, àfi kí a ra òmíràn ní Èkó, kí ẹni tí ó ní ẹ̀rọ rẹ̀ sì wá fi ọ̀rọ̀ sí i lórí. Iye tí wọ́n dá lé e ju owó oṣù wa mẹ́ta lọ. A wọ́ ọ padà sílé.

Ní òru ọjọ́ kan, àìsàn kọlu ìyá wa. Ọkọ̀ wà nílẹ̀, kò sì lè gbéra. Toyota Corolla àtijọ́ ti aládùúgbò wa, èyí tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ kan kì í ṣí, tí àwa fúnra wa ti fi ṣe ẹlẹ́yà rí, ni ó gbé ìyá wa dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ìyá wà láàyè, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n láti òru ọjọ́ náà ni a ti ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tí a rí nìyí. Ilé iṣẹ́ J.D. Power tí ó máa ń bi àwọn ará Amẹ́ríkà léèrè nípa ọkọ̀ tí ó ti pé ọdún mẹ́ta fi Lexus ti Jàpáànì sí ipò kìíní ní ọdún 2023, 2024 àti 2025. Àwọn olùyẹ̀wò TÜV, ní Jámánì gan-an, fi Honda Jazz ṣe olórí nínú ìwé wọn ti ọdún 2025. A kò fi èyí bú àwọn Jámánì o. Ọkọ̀ tí kò tíì pẹ́ púpọ̀, lójú ọ̀nà tí ó tẹ́jú, ni ó gba ipò wọ̀nyí. Tiwa kì í dé ọwọ́ wa kí ó tó pé ọdún mẹ́wàá, ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ máa ń le. Ẹ wo àwọn BMW kan tí ó ń lo dísẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 2007 sí 2011: ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì wọn a máa jẹ, ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, níhà jíà, ni wọ́n sì fi í sí. Kí a tó fọwọ́ kàn án, lọ́pọ̀ ìgbà ẹ́ńjìnnì ní láti jáde. Ẹni tí ó bá rí irú rẹ̀ rà lówó pọ́ọ́kú níbẹ̀, kí ó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ẹni tí ó tà á ń sá fún.

Ìjàpá tọ́jọ́ nítorí pé ọwọ́ mẹkáníìkì wa tó o, Èkó ni a sì ti ń rí ohun èlò rẹ̀. Nígbà tí ó yá, wọ́n dáwọ́ títò rẹ̀ pọ̀ dúró. Lónìí, ti Toyota ni ó kún ọjà Ládípọ̀, ìwọ̀nyí náà sì ni àwọn ọmọṣẹ́ ní abúlé ti tú palẹ̀ tí wọ́n sì ti tò padà láìmọye ìgbà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa lókè òkun, kí ẹ tó sanwó, ẹ pe mẹkáníìkì tí yóò tún un ṣe ní ilé, kí ẹ sọ irú ọkọ̀ àti ọdún rẹ̀ fún un. Bí ó bá dákẹ́ pẹ́, ẹ fi ọkọ̀ náà sílẹ̀. Bí Jámánì ni ẹ fẹ́ dandan, ẹ fi ẹ̀rọ tí ń ka àìsàn rẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ sì máa fi owó epo ẹ́ńjìnnì ránṣẹ́, nítorí òbí tí ó ti fẹ̀yìn tì kì í fẹ́ béèrè.

Ní ti ọkọ̀ tiwa, abẹ́ igi máńgòrò ni ó wà. Adìyẹ kan ti yé sí ìjókòó ẹ̀yìn. Àbúrò wa ní kí a má tà á, òun ń bọ̀ ní Kérésìmesì, òun yóò sì mú ọpọlọ rẹ̀ wá. Kérésìmesì mẹ́ta ti kọjá báyìí.