Ìbẹ̀rù Èrò àti Ìta

Àwọn kan wà láàrin wa, ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, tí wọn kò lè jáde mọ́. Bí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà, àyà wọn á máa lù kì-kì-kì, òógùn á bò wọ́n, wọn á sì padà sínú yàrá. Ọjà bàjẹ́, oníbàárà lọ. Ará ilé á ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Irọ́ ni o!

A kò sọ pé kò sí ohun tí à ń ṣọ́ra fún ní Òṣòdì. Nígbà tí ọjà ṣì kún orí títì, kí ìjọba Gómìnà Fáṣọlá tó kó o kúrò ní oṣù kìíní ọdún 2009, ta ni kì í di àpò rẹ̀ mú? Ọgbọ́n nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè ra iyọ̀ ní iwájú ilé ara rẹ̀, ọ̀ràn tirẹ̀ ti kọjá ti olè.

Sísá ló ń bọ́ ìbẹ̀rù yìí. Bí a bá sá, ara á balẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ọkàn á sì wí pé, “Sísá ló gbà mí.” Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rù á le sí i. Ṣùgbọ́n bí a bá dúró, tí a rọra ń mí, ẹ̀rù náà á gòkè, á sì rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Nítorí náà, díẹ̀díẹ̀ ni. Lónìí, ẹ jókòó sí iwájú ilé. Bí ó bá ti mọ́ yín lára, ẹ dé ìkóríta. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ẹnì kan dání, kí ẹ wọ ọkọ̀ láti ibùdókọ̀ kan dé èkejì, nígbà tí èrò kò tíì pọ̀. Ẹ má fi ọkọ̀ tó kún bẹ̀rẹ̀. Ariwo agbèrò a máa dẹ́rù ba akọni pàápàá!

Bí kò bá dẹ̀, ẹ lọ rí dókítà. Ọsibítù ọpọlọ wà ní Yábàá láti 1907, ó sì ní ẹ̀ka ní Òṣòdì. Ẹ lè ní, “Èmi kì í ṣe wèrè.” Òótọ́ ni. Ẹni tí eyín ń dùn náà ń lọ sí ọsibítù. Ní 1954, Dókítà Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò, ní Abẹ́òkúta. Kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Ilé àwọn ará abúlé ìtòsí ni wọ́n ń gbé, ìbátan wọn wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ń gba oògùn, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ láàrin ènìyàn.

Ẹ̀yin tí ẹni bẹ́ẹ̀ wà nílé yín, ẹ má fà á lápá lọ sí ọjà. Ẹ bi í ní ibi tí ó lè dé lónìí, kí ẹ sì bá a rìn dé ibẹ̀.