AAGO ÀPÒ ÀWỌN BÀBÁ WA: KÍ A MỌ̀ Ọ́N KÍ A TÓ TÚ U

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé àjọ̀dún ẹgbẹ́ wa)

   Ìgbìmọ̀ tó ṣètò àjọ̀dún yìí ní kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí iṣẹ́ mi, iṣẹ́ aago títúnṣe. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mo wá mú ẹyọ kan: aago àpò àtijọ́, èyí tí àwọn bàbá wa ń fi ṣéènì so mọ́ wésíkóòtù.

Kí ló dé tí mo fi mú èyí? Nítorí pé ó wà nílé púpọ̀ nínú wa, a ò kàn mọ̀ ni. Ó wà nínú àpótí ìsàlẹ̀ ibùsùn, ó wà nínú agolo bisikíìtì pẹ̀lú rìsíìtì owó orí àti fọ́tò ìgbéyàwó. Bàbá tó jẹ́ akọ̀wé kóòtù, tàbí tíṣà, tàbí oníṣòwò kòkó, tàbí òṣìṣẹ́ rélùwéè ló fi sílẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni irú aago bẹ́ẹ̀ sì ń gbà run. Èkíní, a gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ wúrà, ó gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó yọ́ ilé rẹ̀, ó da ínjìnnì nù. Èkejì, a gbé e fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ó fi ọ̀bẹ ṣí i, ó rọ epo sí i. Ẹ̀kẹta, àwa fúnra wa fi eérú họ ọ́ kó lè dán, a sì họ ìtàn rẹ̀ dànù.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé kò ju èyí lọ: ẹ mọ aago náà kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, bí ẹ bá sì máa fọwọ́ kàn án, kí ohun tí ẹ máa ṣe sí i mọ níwọ̀n.

MÍMỌ̀ Ọ́N

Orúkọ ojú aago lè tan yín jẹ. Láyé ìgbà náà nílùú Ọba, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù lè ra aago lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, kó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sójú rẹ̀. Ẹni tó tà á lẹ rí yẹn, kì í ṣe ẹni tó bí i. Inú ni ìwé ìbí rẹ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká fi irú kan tí wọ́n tà gan-an nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ ṣí ẹ̀yìn, ẹ rí “Waltham, Mass.” lára ínjìnnì, pẹ̀lú nọ́ńbà tó sún mọ́ 20,000,000. Ará Amẹ́ríkà nìyẹn. Ní 1850 ni Aaron Dennison, Edward Howard àti David Davis bẹ̀rẹ̀ iléeṣẹ́ náà ní Roxbury. Ní 1854 wọ́n kó o lọ sí Waltham. Wọ́n wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ṣe aago lọ́pọ̀ yanturu, tí ẹ̀yà ara aago kan fi lè bá òmíràn tó jẹ́ irú rẹ̀ mu. Kí wọ́n tó dáwọ́ dúró ní 1957, aago wọn ti lé ní 30 mílíọ̀nù. Nọ́ńbà ni wọ́n fi tò wọ́n, bí olùkọ́ ṣe ń to orúkọ wa sínú rẹ́jísítà. Àkójọ nọ́ńbà náà wà nínú ìwé, ó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí. Nọ́ńbà tó tó 20,000,000 bọ́ sí nǹkan bí 1915.

Ẹ ṣọ́ra o! Nọ́ńbà méjì ló sábà máa ń wà. Èyí tó wà lára ìdérí jẹ́ ti ẹni tó ṣe ilé aago. Ti ara ínjìnnì ni kí ẹ mú.

Ẹ wá wo inú ìdérí. Bó bá jẹ́ fàdákà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ó rí àwọn àmì kéékèèké. Kìnnìún tó ń rìn ń sọ pé fàdákà gidi ni. Ìdákọ̀ró ọkọ̀ ojú omi ń sọ pé Birmingham ni wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Álífábẹ́ẹ̀tì kan ń sọ ọdún, nítorí ọdọọdún ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá tún rí A.L.D. níbẹ̀, ẹ rẹ́rìn-ín: Aaron Dennison kan náà ni! Ó kúrò ní Amẹ́ríkà, ó lọ sí Birmingham, ó sì dá iléeṣẹ́ tó ń ṣe ilé aago sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1874. Ọkùnrin náà kú ní 1895, iléeṣẹ́ rẹ̀ wà títí di 1967. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá wí fún yín pé ínjìnnì Amẹ́ríkà nínú ilé Birmingham jẹ́ àdàmọ̀dì, ẹ má gbà. Ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n.

Ti wúrà ńkọ́? Bí ẹ bá kà á nínú ìdérí pé yóò lo 20 ọdún, kì í ṣe wúrà látòkè délẹ̀. Abala wúrà tín-ín-rín méjì ni wọ́n fi há irin mìíràn láàrin, 20 ọdún ni wọ́n sì fi fọwọ́ sọ̀yà pé èyí tó wà lókè kò ní jẹ tán. Wúrà gidi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa gbé iye kárátì rẹ̀ àti àmì ilé àyẹ̀wò. Ṣé ẹ rí i báyìí? Ọ̀pọ̀ aago tí wọ́n ti yọ́, wúrà tó jáde níbẹ̀ ò tó nǹkan kan. Wọ́n ba aago jẹ́, wọn ò sì rí owó.

Kí ẹ lè mọ bí ó ti dàgbà tó: rélùwéè ti ń rìn láti Èkó dé Ìbàdàn láti 1901, ṣùgbọ́n ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án 1919 ni wọ́n fi aago Nàìjíríà síwájú ti Greenwich ní wákàtí kan gééré. Láti 1914 títí di ọjọ́ náà, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré ni a fi ṣáájú. Aago tí wọ́n ṣe ní 1915 dàgbà ju wákàtí tí gbogbo wa ń lò yìí lọ!

ṢÍṢÍ I

Ẹ gbé ọ̀bẹ jù sílẹ̀. Ìdérí kan wà tó ní híńjì, tó sì ní ẹnu kékeré létí; èékánná ti tó o. Ìkejì, ṣe la máa ń yí i: ẹ fi ìbọ̀wọ́ rọ́bà tẹ̀ ẹ́, ẹ yí i sósì. Ìkẹta kò ní ìdérí tó ń ṣí lẹ́yìn rárá. Iwájú nìkan la ti ń ṣí i, tí ínjìnnì yóò sì yí jáde bí ojú fèrèsé. Ẹni tó bá ń fi ọ̀bẹ wá ẹ̀yìn èyí, yóò wá a títí ni.

Bí ẹ bá fa bọ́tìnnì òkè tí ọwọ́ aago kò yí, ẹ má fi agídí fà á. Ní 1891, ọkọ̀ ojú irin méjì kọlu ara wọn ní Kipton, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì dá aago awakọ̀ kan tó ti pẹ́ sẹ́yìn lẹ́bi. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òfin aago rélùwéè wọn le. Nígbà tó yá wọ́n ní kí a fi irin pẹlẹbẹ kékeré kan pa mọ́ sábẹ́ gíláàsì, òun la ó kọ́kọ́ fà jáde kí ọwọ́ aago tó lè yí, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì yí àkókò padà níbi tó ti ń lọ́ aago. Ẹ yọ gíláàsì, ẹ wá irin náà lábẹ́ rẹ̀.

TÍTÚN UN ṢE

“Wọ́n ti lọ́ ọ jù ni.” Gbogbo ènìyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀ tí aago bá kú. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Aago tí a lọ́ dópin tí kò ṣiṣẹ́, epo inú rẹ̀ ló sábà gbẹ tó di gọ́ọ̀mù, tàbí ìdọ̀tí ló há eyín rẹ̀. Bí bọ́tìnnì bá kàn ń yí yẹ́yẹ́ tí kò le sí i, ó ṣeé ṣe kí sípíríǹgì ti já. Bó bá ti já bọ́ sílẹ̀ rí, ẹ fura sí ọ̀pá kẹ̀kẹ́ kékeré tó ń mì lọ mì bọ̀. Orí ọ̀pá náà tín-ín-rín bí irun. Bó bá ń sáré jù, ó lè jẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì ló mú un, nítorí náà ẹ má fi sórí ẹ̀rọ ohùn tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù. Èyí tí ara rẹ̀ dá nínú irú Waltham yìí máa ń dún nígbà márùn-ún láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, 18,000 ní wákàtí kan.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀. Ẹni tó bá máa tú aago gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú agbára sípíríǹgì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò já lójijì, yóò sì ká eyín kẹ̀kẹ́. Kó máa ya fọ́tò bó ṣe ń tú u. Kó fọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n kó má rẹ èyí tó ní òkúta pupa kéékèèké tí a fi lẹ̀ẹ́ mọ́ ọn sínú ọtí líle, nítorí ọtí ń yọ́ lẹ̀ẹ́ náà. Epo aago nìkan ni kó lò, ẹ̀kán tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí. Epo máṣíìnì ìránṣọ kò dára níbẹ̀, ká má tiẹ̀ sọ àdí. Ẹ bi atúnaagoṣe yín léèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí kí ẹ tó gbé e sílẹ̀ fún un. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ dúpẹ́, ẹ gbé aago yín.

Ọ̀kan wà tí mi ò fẹ́ kí ẹ gbàgbé. Láti nǹkan bí 1910 títí wọ àwọn ọdún 1960, wọ́n máa ń fi ọ̀dà tó ní radium kun nọ́ńbà àti ọwọ́ aago mìíràn kó lè máa tàn lókùnkùn. Ó gba nǹkan bí 1,600 ọdún kí agbára radium tó dín sí ìlàjì. Bí ọ̀dà náà ò bá tàn mọ́, májèlé ṣì ni. Ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1920, àwọn ọmọbìnrin tó ń fi ètè tọ́ ẹnu búrọ́ọ̀ṣì níbi iṣẹ́ yìí ṣàìsàn egungun àgbọ̀n, àwọn kan sì kú. Ẹ má ha á, ẹ má fẹ́ atẹ́gùn sí i, ẹ má sì fún ọmọdé ṣeré.

OHUN TÍ KÍ Ẹ MÁ TÚN ṢE

Ojú aago tó sán díẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fín sí ìdérí, kódà bó ti ń pa rẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ dán an. Àmì kìnnìún àti ìdákọ̀ró yóò bá a lọ. Ẹ̀yà tí wọ́n bá yọ, ẹ gbà á padà, ẹ dì í sínú ọ̀rá kékeré.

Ẹnì kan lè bi mí pé, ṣé owó ńlá wà níbẹ̀? Mi ò ní parọ́ fún yín. Irú tó wọ́pọ̀ kì í lówó lórí púpọ̀, owó àtúnṣe rẹ̀ sì lè ju iye rẹ̀ lọ. Bí agbára ò bá tíì gbé e, ẹ fi sí ibi gbígbẹ, ẹ má lọ́ ọ, ó lè dúró. Èyí tí kò lè dúró ni ìtàn rẹ̀. Ìyá àgbà tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá tó mọ ẹni tó kọ́kọ́ fi í sápò, tó mọ ibi tó ti ṣiṣẹ́ àti ẹni tó fún un, ẹ lọ bi wọ́n lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ínjìnnì, ẹ ká ìwé náà mọ́ ọn. Bí ẹ ò bá ṣe é, bó pẹ́ bó yá, ọmọ yín yóò gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n, ẹ ò sì ní lè dá a lẹ́bi.