“Pẹ̀lẹ́” Kọ́ Ni “Sorry”: Bí Ọ̀rọ̀ Kan Ṣe Fẹ́ Jẹ Owó Oṣù Mi

Láti Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ lábẹ́lẹ̀, ẹ má bínú, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná lọ ni. Ọ̀rọ̀ tòní kan gbogbo ẹni tó ń bá àwọn tí àṣà wọn yàtọ̀ sí tiwa ṣiṣẹ́, ì báà jẹ́ lórí Zoom, ì báà jẹ́ nínú ọ́fíìsì kan náà.

Ní 2023, mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kékeré kan ní Jámánì. Èmi ni mò ń bá wọn tún ohùn tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ ṣe, inú yàrá mi níbí ni mo sì ti ń ṣe é. Lọ́jọ́ kan tí a ń ṣèpàdé, ọ̀gá mi ọ̀hún sọ pé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti pòórá. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní, “Ah! Sorry o. So sorry, sir.”

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí mò ń sọ. Mò ń kí i ní pẹ̀lẹ́ ni. Bí ẹnìkan bá fẹsẹ̀ kọ ní Fólágbadé, èèyàn mẹ́wàá ni yóò sọ pé “pẹ̀lẹ́ o,” kò sì sí ìkankan nínú wọn tó tì í. Ẹni tí òjò pa, ẹni tí ikọ́ ń dà láàmú, ẹni tó ru ẹrù wúwo, gbogbo wọn ló ní pẹ̀lẹ́ tiwọn.

Ilẹ̀ mọ́, ìmẹ́lì wọlé. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí mo ti gbà pé ẹ̀bi mi ni, àwọn yóò yọ ìdajì owó oṣù mi. Owó yẹn ni mo fẹ́ fi san owó ilé! Mo ti tẹ èsì gbígbóná sílẹ̀ kí n tó fi han ẹ̀gbọ́n mi kan. Ó ní, “Pa á rẹ́. Kò mọ̀ pé o kí òun ni. Ṣàlàyé fún un.”

Mo ṣàlàyé. Mo ní níbi tí mo ti wá, a máa ń lo “sorry” láti bá èèyàn kẹ́dùn, kì í ṣe pé mo jẹ̀bi. Mo ní kí wọ́n wo ẹni tó fọwọ́ kan iṣẹ́ náà kẹ́yìn. Wọ́n wò ó, kì í ṣe èmi. Wọ́n san owó mi pé, ọ̀gá náà sì tọrọ àforíjì.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ apá kejì, torí òun ló dùn mí jù. Ọ̀gá yẹn wá sọ fún mi pé kò ṣòro fún òun láti gbà pé èmi ni mo ba iṣẹ́ jẹ́. Kí ló dé? Ṣáájú ìgbà yẹn, ó ti bi mí bóyá mo lè parí iṣẹ́ kan ní Ọjọ́ Ẹtì. Mo mọ̀ pé kò ṣeé ṣe, iná kò dúró, dátà ti ń tán lọ. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa wo ojú ọ̀gá kí n sọ pé rárá? Mo ní, “Yes sir, no problem.” Ọjọ́ Ajé ni mo fi ránṣẹ́. Lójú tèmi, mo bọ̀wọ̀ fún un. Lójú tirẹ̀, mo parọ́.

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ jọ dàgbà nínú àṣà kan náà ló lè dá àbọ̀ yẹn parí. Edward T. Hall, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, sọ nǹkan tó jọ èyí nínú ìwé rẹ̀ *Beyond Culture* ní 1976: níbì kan, ìtumọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ tí a sọ gan-an, níbòmíràn, ó wà nínú ohun tó yí ọ̀rọ̀ ká.

Geert Hofstede, ará Netherlands, fi ìbéèrè tí wọ́n bi àwọn òṣìṣẹ́ IBM wo bí àwọn èèyàn ṣe gba àlàfo láàárín ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́. Nàìjíríà, Ghana àti Sierra Leone, tó kà pọ̀ mọ́ra, gba 77. Jámánì gba 35. Ó ti pẹ́, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kan ṣoṣo ló sì bi, ẹ má fi wọn ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mo rí ara mi nínú 77 yẹn.

Ọ̀rọ̀ tiwọn náà máa ń gún wa. Ọ̀gá mi a kọ̀wé láìkí mi: “Apá yìí kò dáa. Yọ ọ́.” Mo sunkún nígbà àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé, “Ṣé ó ní ìwọ lo ò dáa ni? Iṣẹ́ ló ní kò dáa.”

Ẹ má rò pé òkè òkun nìkan nìyí o. Agùnbánirọ̀ kan láti Ìlà Oòrùn wá bá wa ṣiṣẹ́ níbí. Á dé ẹnu ọ̀nà, á sọ “good morning” lẹ́ẹ̀kan fún gbogbo wa, á jókòó. Àwọn àgbà inú wa ní ó gbéraga, wọ́n ń retí kó máa kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo bi í, ó ní, “Bí ẹ bá ní ‘ẹ kú iṣẹ́,’ mi ò mọ ohun tí mo máa fi dáhùn, ló jẹ́ kí n máa sá.” Gbogbo ìgbéraga ọ̀hún kò ju ìyẹn lọ! A kọ́ ọ ní èsì, ó tán. Àwa Yorùbá fúnra wa ńkọ́? Nínú ẹ̀ka èdè Èkìtì, ọmọdé lè sọ “ìwọ” fún àgbà, kì í ṣe àrífín. Ẹ gbé e wá sí ọ́fíìsì ní Ìbàdàn, kí ẹ wo ìjà.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mò ń ṣe báyìí. Bí mo bá fẹ́ báni kẹ́dùn, mo máa ń sọ ọ́ kó yé wọn pé ìkẹ́dùn ni. Bí mi ò bá lè ṣe nǹkan, mo máa ń sọ ọjọ́ tí mo lè ṣe é: “Ọjọ́ Ajé ló dá mi lójú.” Ìyẹn kò rí i fín rárá. Bí ọ̀rọ̀ ẹnìkan bá sì gún mi, mo máa ń kọ́kọ́ bi í pé, “Kí lẹ ní lọ́kàn?”

Mi ò ní kí ẹ jáwọ́ nínú pẹ̀lẹ́ o. Èmi náà ṣì ń kí wọn. Oṣù tó kọjá, ọ̀fìnkìn mú mi nígbà ìpàdé, ọ̀gá mi ará Jámánì sì sọ̀rọ̀ láti inú Zoom, ó ní, “Pẹ̀lẹ́ o.”

Ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí yín níbi iṣẹ́? Ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Ó dìgbà kan ná.