Kámẹ́rà Kì Í Di Olè Mú
Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé sọ níbi ìpàdé oṣooṣù ẹ̀ka wa



Ẹgbẹ́ ní kí a sọ̀rọ̀ ráńpẹ́ lórí àwọn ẹ̀rọ aṣọ́lé ìgbàlódé: kámẹ́rà tí ń fi àwòrán ránṣẹ́ sórí fóònù, agogo ẹnu ọ̀nà tí ń ya àwòrán àlejò, àti ilẹ̀kùn tí a ń fi fóònù ṣí. Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí wá ni pé àwọn kan nínú wa ń wí pé àwọn kò ní san owó ọdẹ àdúgbò mọ́, nítorí àwọn ti ra kámẹ́rà. A kò ní kí ẹnikẹ́ni má rà á. Ṣùgbọ́n èrò òdì mẹ́rin wà nípa rẹ̀ tí ó yẹ kí a tú palẹ̀ kí ọdún tó dé.

Èkíní ni pé bí kámẹ́rà bá ti wà, olè kò lè wọlé. Ẹ̀yin ará, ẹlẹ́rìí ni kámẹ́rà, kì í ṣe ọdẹ. Ó rí olè, ó ya àwòrán rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí onílé, iṣẹ́ rẹ̀ parí. Irú èyí tí a ń rà lọ́jà kì í pe ọlọ́pàá fúnra rẹ̀. Bí onílé bá wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀fà, tí olè ń já ilẹ̀kùn rẹ̀ ní Kánò, kí ni àwòrán yóò ṣe fún un bí kò bá ní aládùúgbò tí ó lè pè? Ilẹ̀kùn gidi, irin fèrèsé àti àgádágodo ni ó ṣáájú. Kámẹ́rà a tẹ̀lé e.

Èkejì ni pé ẹ̀rọ kì í sùn. Ó ń sùn o! Iná àti íntánẹ́ẹ̀tì ni oúnjẹ rẹ̀. Ẹ rántí oṣù October 2024, nígbà tí àwọn bàsèjẹ́ ba wáyà ńlá tí ń gbé iná wá sí Àríwá jẹ́, tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wà nínú òkùnkùn fún ọjọ́ púpọ̀. Bí iná bá lọ, tàbí tí dátà tán, fóònù onílé kò ní dún. Ẹni tí yóò rà á, kí ó ra èyí tí ó ní bátìrì, tí ó sì ní káàdì nínú tí ń tọ́jú àwòrán nígbà tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀kẹta ni pé onílé nìkan ni ó ń rí ohun tí kámẹ́rà rí. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ní 2016, àwọn ọ̀daràn lo ètò kan tí à ń pè ní Mirai láti gba ọ̀pọ̀ kámẹ́rà àti ẹ̀rọ mìíràn káàkiri ayé, nítorí àwọn tí ó ni wọ́n kò yí password tí ilé iṣẹ́ fi sí i padà. Ní 2023, ìjọba Amẹ́ríkà fi ẹ̀sùn kan ilé iṣẹ́ Ring pé ó jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa wo àwòrán inú ilé àwọn oníbàárà. Ilé iṣẹ́ náà sì gbà láti san $5.8 mílíọ̀nù. Nítorí náà, a kì í fi kámẹ́rà sí yàrá tí a ti ń sùn. Ọmọ iṣẹ́ tí ó bá wa gbé e kọ́ pàápàá, bí òun ni ó yan password, kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá ti lọ tán, kí onílé yí i padà lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ̀kẹrin ni pé ibi tí ó bá wù wá ni a lè kọ ojú rẹ̀ sí. Àwa tí a ti pẹ́ láàárín àwọn Hausa mọ̀ pé ọkùnrin àlejò kì í kọjá ìloro lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ilé. Kámẹ́rà tí ó yọjú lórí ògiri wo àgbàlá aládùúgbò, àlejò tí kò kí sálámù ni. Ó lè ba àjọgbé ogún ọdún jẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, aládùúgbò náà sì ni ẹni tí a ó ké pè lóru. Ẹnu ọ̀nà wa àti ògiri wa ni kí ó máa wò.

Ẹ̀yin ará, ohun tí a ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ẹni tí ó bá ń lọ sílé fún ọdún, kí ó sọ fún aládùúgbò kan tí ó fọkàn tán, kí wọ́n gba nọ́mbà ara wọn. Kí a má ṣe gbé àwòrán ìrìn àjò sórí WhatsApp títí a ó fi padà dé. Olè náà ní fóònù. Ẹni tí ó sì ní kámẹ́rà, kí ó san owó ọdẹ bíi ti àtẹ̀yìnwá, nítorí bí kámẹ́rà bá ké, ọdẹ ni yóò sáré.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Àwa ni ojú ara wa nílẹ̀ yìí. Kí Ọlọ́run máa bá wa ṣọ́ ilé.