Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Kì Í Ṣe Olóríkunkun

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fọ abọ́ lọ́wọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kúkú fẹ́ràn láti máa kà á, mo kí gbogbo yín. Mi ò gbàlejò lónìí. Èmi nìkan ni, torí ẹ̀bi tèmi wà nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ.

Nígbà tí mò ń sìnlú ní ìpínlẹ̀ Katsina, bàbá kan ló máa ń ta omi fún wa. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ẹ̀ ló ń ru kẹ́ẹ̀gì. Lọ́jọ́ kan, ẹran yìí dé ẹnu ọ̀nà wa, ó dúró gbagidi. Kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Ọmọ bàbá náà fà á, ó tì í, ó nà án. Kò mira.

Kí lèmi ṣe? Mo yọ fóònù. Mo ya fídíò, mo fi orin sí i, mo kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé, "Èmi rèé láàárọ̀ Mọ́ńdè." Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn tó wò ó ti lé ní 40,000. Inú mi ń dùn ṣìnkìn.

Ẹni tá a jọ ń gbé yàrá, ìṣègùn ẹranko ló kọ́ ní yunifásítì. Mo fi hàn án, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣó o rí bó ṣe dẹ etí sẹ́yìn? Ṣó o rí bó ṣe ń sá fún ẹrù yẹn?" Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kí bàbá náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ ká sọ ẹrù kalẹ̀. Ó wá ká àpò tó wà lẹ́yìn ẹran náà sókè. Egbò tó tó àtẹ́lẹwọ́ mi ló wà níbẹ̀. Okùn kẹ́ẹ̀gì ló ń ha á lójoojúmọ́.

Bàbá fọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n ní, "Kò ráhùn rárá. Mi ò mọ̀." Mo gbà wọ́n gbọ́. Wọn kì í ṣèkà. Ẹran yẹn ló ń bọ́ ilé wọn.

Ohun tí ẹnìkejì mi ṣàlàyé fún mi nìyí. Ẹṣin, bí ẹ̀rù bá bà á, á sáré. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ á dúró, á kọ́kọ́ ro ó wò. Ìbaaka, ìyẹn ọmọ tí akọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bá abo ẹṣin bí, máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Àwa la wá ń pe ìdúró yẹn ní oríkunkun. Ẹ rántí Báláámù inú Bíbélì: ẹ̀ẹ̀mẹta ló na kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ẹ̀, kò mọ̀ pé ó rí ohun tí ojú òun ò rí.

Èyí tó tún léwu jù ni pé kì í fi ìrora hàn. Àwọn àgbà ní ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ gan-an lòwe yẹn ń bá wí. Kí ẹ tó rí i pé nǹkan ń ṣe é, ó lè ti pẹ́ lára ẹ̀. Tó bá ń dá dúró, tó ń sorí kọ́, ẹ tètè yẹ̀ ẹ́ wò. Tí kò bá jẹun mọ́, ẹ má dúró dọ̀la, ẹ pe dókítà ẹran. Ọ̀rá ara ẹ̀ lè ya wọnú ẹ̀jẹ̀, kó sì pa á láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ìtọ́jú ẹ̀ ò le. Omi tó mọ́, koríko gbígbẹ tàbí pòròpórò ọkà. Ọkà gan-an fúnra ẹ̀, tó bá ti pọ̀ jù, ó ń ba ẹsẹ̀ ẹ̀ jẹ́. Ẹ wá ibi tó máa forí pa mọ́ sí fún un, torí òjò máa ń tètè wọ irun ara ẹ̀ ju ti ẹṣin lọ. Ẹ máa wo pátákò ẹ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe máa gé e. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, torí ó máa ń so mọ́ ẹnìkejì ẹ̀ gan-an. Tó bá sì ń ru ẹrù, ẹ fi nǹkan tó rọ̀ tẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀.

Egbò ti bàbá yìí, omi iyọ̀ la fi ń wẹ̀ ẹ́, ẹran náà ò sì ru nǹkan kan títí tó fi jiná. Ta ló wá ń gbé omi? Ọmọ bàbá fi bárò tì í, èmi náà sì bá a tì í láàárọ̀ mélòó kan. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin onílítà 25, kìlógíráàmù 100 nìyẹn. Ẹ̀yìn ro mí. Èmi ráhùn o.

Mo ń sọ èyí torí ọ̀rọ̀ wọn ti di ọ̀rọ̀ gbogbo Áfíríkà. Ní Ṣáínà, wọ́n máa ń se awọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ fi ṣe egbòogi tó ń jẹ́ ejiao, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pa wọ́n rẹpẹtẹ níbí. Abo kan máa ń lóyún fún nǹkan bí ọdún kan, ọmọ kan ṣoṣo ló sì sábà máa ń bí. Báwo ni bíbí ṣe máa bá pípa? Ní oṣù Kejì ọdún 2024, àwọn olórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà fẹnu kò ní Addis Ababa láti fòfin de pípa wọn torí awọ fún ọdún 15. Ó dáa. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá jí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bàbá yẹn gbé lóru òní, bárò ló kù fún wọn láàárọ̀ ọ̀la.

Mo ti pa fídíò yẹn rẹ́. Àmọ́ àwọn kan ti gbé e síbòmíì, mo ṣì ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orin tí mo fi sí i. Tó bá dé orí fóònù yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo etí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó rẹ́rìn-ín. Kẹ́ ẹ má sì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó dàbọ̀ o.