Ìwọ àti Ọ̀rẹ́ Rẹ Nínú Ọ̀dàn

Mo rí i pé àwọn ọdẹ pọ̀ nínú kíláàsì Soclogbo yìí. Ọ̀rọ̀ àwọn ọdẹ ni mo gbé wá lónìí. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má dìde o. Ọ̀rọ̀ náà kàn yín, ẹ ó rí i.

Ẹnìkan bi mí pé ṣé àgùntàn ìgbẹ́ wà láyé. Ó wà. Ṣùgbọ́n kò sí lọ́dọ̀ wa. Lórí àwọn òkè olókùúta inú aṣálẹ̀ Sàhárà ló ń gbé, bí òkè Aïr ní ilẹ̀ Niger àti òkè Tibesti ní ilẹ̀ Chad. Ìwo rẹ̀ tóbi, ó tẹ̀ sẹ́yìn. Irun gígùn ń rọ̀ lọ́rùn rẹ̀ wá sí iwájú ẹsẹ̀. Ìbọn ti dín in kù púpọ̀. Lórí òkè mọ́kànlélógójì ti Ìdàáṣà tiwa, a kì í bá irú rẹ̀ pàdé. Ọ̀yà, ehoro, ẹtu, ìgalà, awó àti àparò ni ọdẹ tiwa ń wá. Ẹran wọn yàtọ̀ sí tiwa, ṣùgbọ́n ewu tó wà nínú kí ọ̀rẹ́ méjì gbé ìbọn lọ sí ilẹ̀ gbalasa, ọ̀kan náà ni.

Ọ̀dàn kì í ṣe igbó. Nínú igbó, igi ńlá lè dá ọta ìbọn dúró. Nínú ọ̀dàn, koríko lè ga ju ènìyàn lọ kó tó di pé iná jó o. Igi kéékèèké dúró káàkiri, igbá níbí, òrí lọ́hùn-ún. Koríko a máa fi ènìyàn pamọ́, ṣùgbọ́n kò lè gbà á lọ́wọ́ ọta.

Ẹ jẹ́ ká wo Lágbájá àti Tàmẹ̀dù. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n láti kékeré. Wọ́n jáde ní ìdájí. Wọ́n rí ẹtu kan tó wọ inú ìṣẹ́pẹ́. Lágbájá dúró sí ìhà kan. Tàmẹ̀dù ní òun yóò yí i ká láti lé e jáde. Wọn kò sọ ibi tí yóò gbà. Lágbájá dúró, ó dúró, ọkàn rẹ̀ ti wà lára ẹran. Koríko mì. Ó rí ohun kan tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí awọ ẹtu. Ó yìnbọn. Aṣọ ọdẹ ni ohun tó rí. Kì í ṣe ọ̀tá ló yìnbọn lu Tàmẹ̀dù, ẹni tí wọ́n jọ mu ẹ̀kọ láàárọ̀ ni.

Kí ló fà á? Àwọn kan á ní àwọn ayé ni. Èmi kò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ojú tó ń wá ẹran kì í pẹ́ rí ẹran. Bí ọkàn bá ti sọ pé "ẹtu nìyẹn", ojú á bá a parí aworan náà. Nítorí náà, koríko tó mì kì í ṣe ẹran. Ohùn kì í ṣe ẹran. Àwọ̀ kì í ṣe ẹran. Ìgbà tí o bá rí orí àti ọrùn àti ẹsẹ̀ ni o tó rí ẹran. Lẹ́yìn náà, wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ọta tó bá ṣìnà kì í dúró níbi tí ẹran dúró sí.

Bí ẹ bá ń rìn, ẹ rìn ní ẹgbẹ́ ara yín, kí ẹ máa rí ara yín. Ẹni tó wà lápá òsì, iwájú àti òsì ni tirẹ̀. Ẹni tó wà lápá ọ̀tún, iwájú àti ọ̀tún ni tirẹ̀. Bí ẹran bá sá gba àárín yín kọjá ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó lọ. Mo tún un sọ: ẹ jẹ́ kó lọ! Ó máa ń dun ọdẹ, mo mọ̀. Bí ẹ kò bá rí ara yín mọ́, ẹ dúró, ẹ súfèé. Ẹni tí kò bá gbọ́ ìdáhùn kò gbọdọ̀ yìnbọn.

Ẹ wé aṣọ pupa mọ́rí. Mo gbọ́ tí bàbá kan ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn lọ́hùn-ún pé ẹran á rí i. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹtu àti ìgalà kì í dá pupa mọ̀ dáadáa bí ènìyàn ti ń dá a mọ̀. Ohun tó ń lé wọn ni òórùn ara wa àti ara tí kò dúró jẹ́ẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló ti sọ ọ́ di dandan fún ọdẹ láti wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn tó ń tàn, kí ọdẹ mìíràn lè rí i. Afẹ́fẹ́ ni kí ẹ máa wò. Ní ìgbà ọyẹ́, láti ìhà àríwá àti ìlà oòrùn ló máa ń fẹ́ wá. Ẹ jẹ́ kó máa fẹ́ sí yín lójú.

Ṣakabùlà tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Nígbà mìíràn a yìn ín, kò dún. Ẹ má yẹ ẹnu rẹ̀ wò o! Iná lè wà nínú ẹ̀tù. Ẹ dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀ òfìfo, kí ẹ sì ka ení, èjì, títí dé ọgọ́ta. Ẹ ti mọ ònkà báyìí.

Ẹ̀yin ìyá, ọ̀rọ̀ yín dé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ọdẹ ń wá ẹran, ẹ̀yin àti àwọn ọmọ ń ṣa kajú nínú oko, àwọn darandaran sì ń da màlúù kọjá. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọdẹ mọ ọjọ́ tí ẹ ó lọ àti ọ̀nà tí ẹ ó gbà. Kí ọdẹ náà má ti iná bọ ìgbẹ́ kí ẹran lè sá jáde. Òfin igbó ti ọdún 1993 lòdì sí iná ìgbẹ́ tí a kò ṣọ́. Iná tó bẹ̀rẹ̀ nítorí ọ̀yà kan lè jó oko kajú tí ẹnìkan ti tọ́jú láti ọdún mẹ́wàá. Òfin ẹran ìgbẹ́ sì wà, ti ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá ọdún 2004. Àwọn ẹran kan wà nínú rẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ pa rárá. Ẹ bi àwọn aṣọ́gbó léèrè kí ẹ tó jáde. Ní tèmi, abo tó lóyún kò yẹ ní pípa: ọ̀yà ń lo bí oṣù márùn-ún kó tó bímọ, ẹtu sì ń bí ẹyọ kan ṣoṣo.

Ó ku ìpín ẹran. Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnìkan jẹ. Mo ti rí ọ̀rẹ́ tí itan ìgalà tú ká. Ẹni tó kọ́kọ́ ta á lọ́gbẹ́, ẹni tó pa á, ẹni tó rù ú wálé: ẹ sọ ìpín kálukú nílé, kí ẹ tó rí ẹran.

Ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn bàbá wa kò ní ìwé, ẹ̀yin ti ní in. Bébà kékeré kan tó. Orúkọ àwa méjèèjì. Ọjọ́ tí a jáde. Ìhà òkè tí a lọ. Ìgbà tí a ó padà. Bí a ó ṣe pín ẹran. Ẹ fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ ará ilé, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọn yóò ti wá yín bí ilẹ̀ bá ṣú. Ẹ mú bíírò yín jáde báyìí, ká jọ kọ ti àkọ́kọ́.