Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Yíyan Ìwọ̀n Ara Tí Ọwọ́ Wa Lè Tẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ìlera ẹgbẹ́ wa bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti ìdílé wọn sọ níbi ìpàdé ọdún, ní Sábọ̀n Gàrí, Kánò

  

Àwọn àgbà ní ìlera loògùn ọrọ̀. Nítorí ìlera ni àwa ìgbìmọ̀ ṣe dìde láti bá yín sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn, ó yẹ kí a kọ́kọ́ tọrọ àforíjì.

Ẹ ó rántí pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó kọjá, àwa náà la gbé òṣùwọ̀n wá sínú gbọ̀ngàn yìí. A wọn gbogbo ẹni tó fẹ́, a kọ ọ́ sínú ìwé, a sì ní kí olúkúlùkù tó bá sanra jù fi kílò 20 sílẹ̀ kí oṣù 3 tó pé. A ní ẹni tó bá ṣe é yóò gba aṣọ àǹkárá. Ẹ̀rín la fi ṣe é, ara gbogbo wa sì yá. A kò béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ń lo oògùn. A kò béèrè bí ó ṣe ga tó. Kílò 20 kan náà la dá fún ẹni tó wọn kílò 85 àti ẹni tó wọn kílò 120.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa, tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, fi oúnjẹ ọ̀sán sílẹ̀ pátápátá. Tíì tí wọ́n ń tà fún àwọn tó fẹ́ fọn ló ń mu, ó sì ń lo oògùn rẹ̀ bó ṣe ń lò ó tẹ́lẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ṣubú nínú ìsọ̀ rẹ̀. Òógùn bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sì dá ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ mọ̀. Àwọn ará ìsọ̀ gbé e dé ọsibítù, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jọjọ. Ọlọ́run yọ ọ́. Nígbà tí a lọ kí i, ó wò wá, ó ní, "Kì í ṣe pé n ò gbọ́n. Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n fi kílò ogún sílẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára. Òun fúnra rẹ̀ ló gbà pé kí a sọ ọ́ lónìí láìdárúkọ òun, kí ẹlòmíràn má baà ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó sì gba àǹkárá ńkọ́? Púpọ̀ nínú wọn ti padà sí ìwọ̀n àtijọ́ kí Kérésìmesì tó dé. Àwọn kan tilẹ̀ kọjá ibẹ̀. Nítorí náà, a padà lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà, a sì kà. Ohun tí a rí nìyí: àṣìṣe wa kò sí nínú pé a fẹ́ kí àwọn ènìyàn fọn. Inú àmì tí a fi síwájú wọn ni àṣìṣe náà wà.

Ta ló ń yan ìwọ̀n fún wa?

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa. Ẹlòmíràn nínú wa, fọ́tò ọjọ́ ìgbéyàwó ló fi ń ṣe àmì. Ó ti bí ọmọ 5, ó ti pé ẹni ọdún 50, síbẹ̀ ara ọmọ ọdún 22 tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Kánò ló ń wá. Ẹlòmíràn, aṣọ ẹbí tí wọ́n fẹ́ wọ̀ ní oṣù tó ń bọ̀ ló ń lé e.

Àwa tí a wà lájò tún ní tiwa lọ́tọ̀. Bí a bá lọ sílé fún Iléyá tàbí fún ọdún Kérésìmesì, ara wa ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò kí wọ́n tó wo ẹrù wa. Bí a bá sanra, wọ́n á ní, "Àjò gbè ọ́ o, ọjà ń tà." Bí a bá fọn díẹ̀, wọ́n á fa ìyá wa sẹ́yìn ilé, wọ́n á béèrè bóyá kò sí, tàbí bóyá àìsàn kan ń ṣe wá tí a kò sọ. Nítorí ìtìjú yìí, ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé ìwọ̀n tí orúnkún wa kò lè gbé, kí ilé má baà rò pé ọwọ́ wa kò dẹ. Nígbà tí dókítà bá wá dẹ́rù bà wá, a ó fẹ́ jù ú sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọ̀nà méjèèjì kò dára. Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni.

Ohun tí ìṣirò wí, àti ohun tí kò wí

Àwọn dókítà ní ìṣirò kan tí wọ́n ń pè ní BMI. Wọ́n á mú ìwọ̀n ara ní kílò, wọ́n á pín in sí gíga ní mítà lọ́nà méjì. Bí èsì bá wà láàárín 18.5 sí 24.9, wọ́n ní ó dára. Láti 25 lọ, ara ti ń pọ̀ jù. Láti 30 lọ, ìsanrajù ni.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìyá kan tó ga ní mítà 1.60, tó sì wọn kílò 92. Ọ̀nà 1.60 ti 1.60 jẹ́ 2.56. Bí a bá pín 92 sí 2.56, a ó rí nǹkan bí 36. Kí ó tó bọ́ sí ibi tí wọ́n ní ó dára, ó gbọ́dọ̀ wà láàárín kílò 47 sí 64. Èyí ni pé ó kéré tán, kílò 28 ló máa fi sílẹ̀. Bí a bá gbé kílò 28 ka ìyá yìí níwájú, ẹ̀rù á bà á. Yálà kó má bẹ̀rẹ̀ rárá, tàbí kó fi ipá bẹ̀rẹ̀, kó sì ṣubú bí ẹni tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ sì jẹ́ kí a mọ̀ pé ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù kan, Adolphe Quetelet, ló gbé irú ìṣirò yìí kalẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Onímọ̀ ìṣirò ni, kì í ṣe dókítà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn lápapọ̀ ló ń wò, kì í ṣe aláìsàn kan ṣoṣo. Ìṣirò náà kò mọ ọ̀rá yàtọ̀ sí iṣan. Ọkùnrin tó ń ru àpò ìrẹsì lọ́jà láti àárọ̀ dalẹ́ lè wọn kílò kan náà pẹ̀lú ẹni tó jókòó sí ìsọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n ara wọn kò rí bákan náà.

Nítorí náà, ẹ fi okùn kún un. Ẹ wá okùn tó gùn tó gíga yín láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì, kí ẹ sì fi yí ìbàdí ká ní ọ̀gangan òkè ìdodo díẹ̀. Bí ẹnu rẹ̀ bá kan ara wọn láìfún inú, ó dára. Bí kò bá kàn, ọ̀rá inú ikùn ti ń pọ̀ jù, òun ló sì ń fa wàhálà fún ọkàn àti fún ṣúgà ẹ̀jẹ̀ jù.

Ìwọ̀n tí ọwọ́ lè tẹ̀

Kí wá ni kí ìyá oníkílò 92 yìí lé? Ohun tí àwọn onímọ̀ fẹnu kò sí ni pé kí ẹni tó sanra jù kọ́kọ́ lé ìdá 5 sí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, láàárín nǹkan bí oṣù 6. Fún ìyá yìí, kílò 5 sí 9 ni. Yóò bọ́ sí 87, lẹ́yìn náà 83. Kó má ju ààbọ̀ kílò sí kílò kan lọ lọ́sẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní, "Kílò 5 péré? Ta ló máa rí i?" Lóòótọ́, ó lè má hàn nínú fọ́tò. Ṣùgbọ́n inú ara máa ń mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà gbé èsì ìwádìí ńlá kan jáde. Wọ́n fi àwọn ènìyàn tó lé ní 3,200 ṣe é, àwọn tó sanra, tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń gòkè ṣùgbọ́n tí kò tíì di àtọ̀gbẹ. Àmì tí wọ́n fi síwájú apá kan nínú wọn kò ju ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara lọ, pẹ̀lú ìrìn kíákíá tàbí irú eré ìdárayá bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Láàárín nǹkan bí ọdún 3, àtọ̀gbẹ tó mú àwọn wọ̀nyí fi ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí wọ́n fún ní oògùn tí kò ní nǹkan nínú. Fún ìyá wa, ìdá 7 yẹn jẹ́ kílò 6 àti díẹ̀. Yóò ṣì sanra. Ṣùgbọ́n ìlera rẹ̀ ti yí padà.

Ẹ̀jẹ̀ ríru náà máa ń sọ̀kalẹ̀ bí ìwọ̀n bá ń sọ̀kalẹ̀. Orúnkún sì ń dúpẹ́, nítorí fún kílò kan tí a bá fi sílẹ̀, ẹrù tó ń tẹ orúnkún ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń fi nǹkan bí kílò 4 dín kù.

Kí ló dé tí ìkánjú kì í pẹ́?

Ohun tí a bá kọ́kọ́ sáré pàdánù, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nínú ooru oṣù kẹta sí oṣù kẹrin tiwa níbí, òógùn nìkan lè mú kí òṣùwọ̀n sọ̀kalẹ̀. Bí a bá mu omi tán, ó padà. Púpọ̀ nínú tíì tí wọ́n ń tà fún fífọn, ewé tí ń mú inú ṣí ló wà nínú wọn. Ìgbẹ́ àti omi ni wọ́n ń lé jáde, ọ̀rá jókòó jẹ́ẹ́. Ẹni tó bá sì fi ebi pa ara rẹ̀, iṣan rẹ̀ náà ń bá a lọ. Fífọn lójijì lè mú kí òkúta dá sínú àpò òróòro. Bí ara bá sì ti kéré sí i, oúnjẹ díẹ̀ ló ń ná, ebi a sì máa pani ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí òṣùwọ̀n fi máa ń dúró sójú kan lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan. Kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń ṣe yín. Bí ara ṣe ń ṣe nìyẹn.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ẹ bá dé ìwọ̀n àkọ́kọ́, ẹ dúró síbẹ̀ fún oṣù díẹ̀. Àìpadà sẹ́yìn náà, ìṣẹ́gun ni. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó tó pinnu bóyá ẹ ó tún lé òmíràn.

Bí a ṣe lè ṣe é níbi tí a wà

Òṣùwọ̀n kan náà ni kí ẹ máa lò, ní òwúrọ̀ kan náà lọ́sẹ̀, kí ẹ tó jẹun. Ẹ má máa gùn ún lójoojúmọ́, ìdààmú ló ń mú wá.

Ẹ má ṣá oúnjẹ tì. Ẹ dín òkèlè kù, yálà iyán ni o, yálà tuwo ni. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì àwo. Zogale pọ̀ lọ́jà wa, owó rẹ̀ kò sì ga. Ẹ̀wà, ẹja àti ẹyin máa ń mú inú dúró. Ẹ ṣọ́ masa àti àkàrà tó ń kán epo, ẹ sì máa bu fura láìfi ṣúgà kún un. Ìgò mínírà 50cl kan lè ní ṣúgà tó gíráàmù 50, èyí tó ju ṣíbí ìpo-tíì 12 lọ. Ẹni tó ń mu méjì lójúmọ́ ní ìsọ̀, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Níbi òwàǹbẹ̀, a lè gba àwo kan láìgba ìkejì.

Ẹ rìn kíákíá fún ìṣẹ́jú 30, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, kí oòrùn tó mú tàbí lẹ́yìn tó bá rọlẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún. Aláboyún àti ọmọdé kò gbọ́dọ̀ dá ìwọ̀n lé fún ara wọn. Kí abiyamọ tó ń fún ọmọ lọ́mú kọ́kọ́ bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́dọ̀ rí dókítà kó tó yí oúnjẹ padà, pàápàá kó tó gbààwẹ̀. Ẹni tó bá sì ń rù láìgbìyànjú, kó má yọ̀. Kó tètè lọ ṣe àyẹ̀wò.

Ohun tí a pinnu

Láti òní lọ, kò sí àǹkárá mọ́, a kò sì ní ka ìwọ̀n ẹnikẹ́ni sókè nínú gbọ̀ngàn. Káàdì tirẹ̀ ni olúkúlùkù yóò mú lọ́wọ́. Àwa yóò máa wo ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìbàdí pẹ̀lú ìwọ̀n, olúkúlùkù yóò sì yan àmì tirẹ̀ pẹ̀lú nọ́ọ̀sì. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. A tún ń bẹ̀ yín: ẹ jẹ́ kí a jáwọ́ nínú fífi ara kí ara. "Ẹ kú ilé, ṣé àlàáfíà ni?" ti tó.

Ìyá wa tó ṣubú tún bẹ̀rẹ̀ ní oṣù 5 sẹ́yìn. Kílò 5 ni òun àti dókítà rẹ̀ fi ṣe àmì. Ó ti fi 4 sílẹ̀, wọ́n ti dín oògùn rẹ̀ kù, ó sì sọ fún wa pé òun ti ń gun àtẹ̀gùn ilé òun láìdúró láàárín. Kò sí ẹni tó kíyè sí i pé ó fọn. Ó ní kò dun òun.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ dárí jì wá, kí ẹ sì jẹ́ kí a jọ tún un bẹ̀rẹ̀. A kò ní fi àìsàn parí àjò wa.